Ọwọ́ Mi Ló Ba Súwẹ́tà Àwọn Ìbejì Jẹ́

Rannva, Malan ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Fóònù Sigga ló wà níwájú mi yìí, láàárín ìgò wáìnì àti àwo kéèkì, ó sì ti tẹ ohun tó yẹ kó tẹ̀ kó lè gba ohùn mi sílẹ̀. Ó ní bí mo bá ti parí, òun á fi ránṣẹ́ sí ọ ní Aarhus, ní Dẹ́ńmáàkì lọ́hùn-ún. Jọ̀wọ́, má pa á títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò sì ní agbára tí màá fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà ti sọ fún mi pé ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ mi ò ní jẹ́ kí n pẹ́ láyé débi tí màá bá wọn pa àgùntàn ọdún yìí, mi ò sì bá a jiyàn. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, èyí tí mo sì pa mọ́ ti ń rùn mọ́ mi lára. Ìyá rẹ ò kọ̀ ọ́, Rannva. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, ìyókù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Nígbà tí o fẹ́ bí àwọn ìbejì, tí o bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá ọ tọ́ wọn, tó ní òun ò wá mọ́, èmi ni mo dí i lọ́nà. O rò pé kò fẹ́ràn rẹ tó. Mo mọ̀ pé ohun tí o ń rò nìyẹn, mo sì panu mọ́ títí àwọn ọmọ náà fi tó ẹni tó ń lọ síléèwé.

Ilé Billa la wà. Àwa tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ la jókòó yìí: Billa, Sigga, èmi, àti ìyá rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, Elspa wà níbí, lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Òun ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Billa àti Sigga ò mọ̀ ọ́n, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ ni ìwọ náà ṣe máa gbọ́ ọ.

Ìwọ náà mọ ẹgbẹ́ wa, abẹ́ tábìlì wa lo ti kọ́ ìrìn. Àwa ọmọge abúlé yìí la dá a sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lọ́kọ. Gbogbo ọjọ́bọ̀, láti ilé kan dé ilé kejì, kálukú pẹ̀lú òwú àti abẹ́rẹ́ rẹ̀, onílé ló máa ń gbé oúnjẹ àti wáìnì kalẹ̀. Ẹ ò bá ìgbà tí wáìnì fi ń tinú ọkọ̀ ojú omi wá láti Dẹ́ńmáàkì, tí ìjọba ò ní jẹ́ kí ẹni tí kò bá san owó orí rẹ̀ fi ẹnu kàn án. Ọkọ Billa máa ń sọ pé àwọn obìnrin tó ń hun súwẹ́tà ló ń jẹ́ kí ọkùnrin abúlé yìí máa san owó orí, kí wáìnì wọn má bàa tán. Àwàdà pọ̀ níbẹ̀. Sigga ò lè mu wáìnì kó má sọ̀rọ̀ ọkọ ẹlòmíì. Billa á wò ó sùn-ún láti orí dígí ojú rẹ̀, á ní, "Sigga, o ti mu ún dé ọrùn ìgò, o ò tíì hun ún dé ọrùn súwẹ́tà. Fi ọkọ ọlọ́kọ sílẹ̀, kí o máa ka ojú òwú rẹ." Ní ìdajì ìrọ̀lẹ́, a ó gbé iṣẹ́ wa sílẹ̀ lórí àga, a ó lọ sí ilé ìdáná lọ jẹun. A kì í jẹun nídìí òwú, nítorí ọ̀rá ẹran àgùntàn gbígbẹ ò ṣeé fọ̀ kúrò lára rẹ̀. Rántí ìyẹn. Àárín àga tó ṣófo yẹn ni mo ti ṣe iṣẹ́ ibi mi.

Ìyá bàbá mi ló kọ́ èmi àti ìyá rẹ ní híhun, lórí àpótí kan náà nídìí ààrò. Bó ṣe ń na ọwọ́ ọ̀kan nínú wa lẹ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ló ń na ti ìkejì. Nítorí náà ọwọ́ wa jọra. Bí òun ṣe ń fa òwú le náà ni mo ṣe ń fà á le, bí òun ṣe ń yí etí rẹ̀ ni mo ṣe ń yí i. Bí o bá gbé iṣẹ́ wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Billa tó mọ̀ jù ò lè sọ èyí tó jẹ́ ti ta. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn nígbà kan.

Ọkọ mi kú, mi ò bímọ. Ẹ ti gbọ́ ọ rí, mi ò fi ń tọrọ àánú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ní nínú ọ̀sẹ̀, ìyókù kàn jẹ́ ìrìn láti ọjọ́bọ̀ kan dé òmíràn. Nínú ọjọ́bọ̀ náà, Elspa ni mo ní. Òun ló máa ń tẹ̀ lé mi délé lẹ́yìn ìpàdé bí ìjì bá ń jà. Òun ló máa ń sọ pé, "Malan, jẹun, ìyà ò fi bẹ́ẹ̀ yẹ ọ́." Ìgbà tí o wá pè é lórí fóònù pé o lóyún, pé ìbejì ni, ó sáré wọlé bá wa láìbọ́ bàtà. "Mo fẹ́ di ìyá àgbà o. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Gbogbo wa dì mọ́ ọn. Ó ní òun á ta ilé, òun á kó lọ sí Aarhus pátápátá. Billa ní, "Ta ni yóò wá máa bá Sigga tú iṣẹ́ rẹ̀ tó bà jẹ́?" Sigga ní, "Malan ńkọ́? Ọwọ́ kan náà ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ń wo gbogbo wa tayọ̀tayọ̀, kò wo ojú mi ju bó ṣe wo ti àwọn yòókù lọ. Mo ka ìyẹn sí i lọ́rùn. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Ilé mi ni ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti wà nídìí oúnjẹ, mo ní kí n lọ gbé ìgò wáìnì tó kù nínú yàrá. Iṣẹ́ Elspa wà lórí àga, súwẹ́tà rẹ ni, èyí tí o máa wọ̀ bí ikùn rẹ bá ti wálẹ̀. Mo dúró lórí rẹ̀. Mo mú abẹ́rẹ́, mo hun ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan, mo sì ti í padà síbi tó wà. Kò gbà ju mímí kan lọ. Mo sọ fún ara mi pé eré ni. Nígbà tó padà sídìí rẹ̀, ọnà rẹ̀ ò bá ara mu mọ́. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Kí ló wá ṣe mí báyìí?" Billa ní, "Wáìnì ló ń bá ọ hun ún." A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó tú u. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nílé Sigga, mo tún lọ gbé ìgò.

Kí n má pa irọ́ nínú òtítọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ lè jẹ́ eré, ìgbà kejì kì í ṣe eré. Gbogbo wa la mọ bí ìyá Elspa, ìyá àgbà rẹ, ṣe lo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Kó tó di pé ó ń kó bàtà sínú ààrò, kó tó di pé ó ń bi Elspa pé, "Ọmọ ta ni ìwọ?", ìhun ló kọ́kọ́ bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ọ̀nà ìhun. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù ìyá rẹ wà, mo sì fi abẹ́rẹ́ gún un níbẹ̀. Ohun tí mò ń fẹ́ ò ju pé kó rò pé orí òun ò dá tó láti lọ kọ́ àdúgbò tuntun ní ìlú àjòjì. Kó kàn dúró tì mí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Elspa ò mu wáìnì mọ́. Omi ló ń bù sínú ife, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dá. Ọnà ṣì ń yà. Billa ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ nígbà yẹn, ìyẹn ló sì wá dẹ́rù bà á jù lọ. Ó ní kí n gbé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Tórshavn, olú ìlú wa, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ni mo wa ọkọ̀, Rannva. Dókítà bi í ní ọjọ́, ọdún, orúkọ ẹni tó ń ṣe olórí ìjọba. Ó ní kó ya aago sórí ìwé. Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìkùukùu bo ojú ọ̀nà, mò ń wa ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó wá ní, "Ọmọ iléèwé lè dáhùn ohun tó bi mí yẹn. Dókítà ò mọ ìhun. Orí lè tan ènìyàn, Malan, ọwọ́ kì í tanni. Láti kékeré ni ọwọ́ mi ti mọ ẹsẹ̀ ẹyẹ, ọnà tí à ń hun sára súwẹ́tà. Bí ọwọ́ bá gbàgbé rẹ̀, a jẹ́ pé orí ti lọ tipẹ́." Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹlòmíì nínú ọkọ̀. Mo ní, "Má ronú púpọ̀." Mo ń wo ọ̀nà.

Òun ló wá fi ìdánwò lé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní wá sípàdé fún ìgbà díẹ̀, òun á ti ilẹ̀kùn òun, òun á hun súwẹ́tà méjì fún àwọn ìbejì, ẹsẹ̀ ẹyẹ láti ìsàlẹ̀ dé àyà. "Bí méjèèjì bá jọra, mo ń lọ. Bí wọn ò bá jọra, mo jókòó." Ó hun wọ́n tán. Ó gbé wọn wá fún mi nílé nínú aṣọ funfun, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni pátákó tí a fi ń na iṣẹ́ wà, ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé a kì í fi iṣẹ́ tí a ò tíì fọ̀, tí a ò tíì nà, han ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Malan, mo rò pé wọ́n jọra. Mo wò wọ́n títí. Fọ̀ wọ́n fún mi, ká jọ tú wọn wò níwájú ẹgbẹ́." Ó ní òun ti ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú. Ó mu tíì, ó jẹ búrẹ́dì, ó lọ. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìkà mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹun tán lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n jọra, Rannva. Mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, mo wá àṣìṣe títí, mi ò rí. Bí mo bá ní mo rí iṣẹ́ tó dára jù ú lọ rí, irọ́ ni. Mo jókòó tì wọ́n títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ. Mo wá mú ọ̀kan, mo tú u láti ọrùn dé àyà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún padà, mo sì yí àwọn ẹsẹ̀ ẹyẹ àyà rẹ̀ kodò, tí ìka wọn fi ń wo ilẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú nìkan ló lè ṣe é. Ọwọ́ tí ìyá bàbá mi kọ́ ni mo fi ṣe é, ó jọ ti Elspa débi pé kò sí ẹni tó lè rí ibi tí ọwọ́ kan ti dúró tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo fọ̀ wọ́n, mo nà wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ.

O rántí ọjọ́ náà, Billa. Ilé yìí ni. Elspa tú aṣọ funfun náà lórí tábìlì yìí, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Sigga ló fẹ́ gbà á là, ó ní, "Elspa, ṣé bí o ṣe fẹ́ kí ọ̀kan rí nìyẹn, kí wọ́n lè fi dá àwọn ọmọ mọ̀ yàtọ̀?" Èmi ni Elspa kọjú sí. "Malan, nígbà tí mo gbé e fún ọ, ṣé bó ṣe rí nìyí?" Gbogbo ohun tí mo ti ṣe látẹ̀yìn wá ṣì ṣeé tú nígbà yẹn. Ojú mi ló ń wò. Bí mo bá ní rárá, ó bùṣe. Mo ní, "Bó ṣe rí nìyẹn, Elspa. Mi ò fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́ ni mi ò ṣe sọ." Ìyẹn ló burú jù nínú ìwà mi. Gbogbo ìyókù, abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Ẹnu mi ló ṣe ìyẹn.

Ó ká súwẹ́tà méjèèjì. Ó ní, "Ẹni tó hun èyí, tó wò ó, tó sì rò pé ó dára, kò yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lé lọ́wọ́. Mo lè gbàgbé ọ̀kan nínú omi ìwẹ̀." Ìgbà tó pè ọ́ pé òun ò wá mọ́, kò sọ ìdí fún ọ, nítorí ó mọ̀ pé o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá máa ṣọ́ òun, bí òun ṣe ṣọ́ ìyá tirẹ̀. Ó ní kó o bínú sàn ju kó o wá jìyà. O sì bínú. O ní, "Màámi, bí ẹ ò bá fẹ́ rí àwọn ọmọ mi, ẹ má wulẹ̀ pè mí mọ́." Inú yàrá mi ni ìyá rẹ ti sọ ọ́ fún mi, ó ń sunkún, èmi sì ń po tíì fún un. Má bá ara rẹ wí nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni mo fi sí ọ lẹ́nu.

Ṣé mo rí ohun tí mò ń wá? Ó dúró sí erékùṣù yìí. Ó ta ilé, ó ta ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé àwọn arúgbó nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́, kò sì wá sọ́jọ́bọ̀ mọ́. Àga rẹ̀ ṣófo, èmi sì wà lórí tèmi, mò ń hun ohun tí mi ò mọ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí mo bá lọ kí i, àwọn nọ́ọ̀sì á máa sọ fún mi pé orí ìyá yìí pé ju tàwọn lọ. Òun á ní, "Ohun tó ṣe ìyá mi ń bọ̀, ó kàn ń falẹ̀ ni." Á wá dì mí lọ́wọ́ mú. "Malan, ìwọ nìkan lo ò fi mí sílẹ̀." Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ ọ́. Ìjìyà mìíràn wo ni mo tún ń wá?

Nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ mi fún mi, mi ò délé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Mo rò pé á lù mí, mo tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn síwájú, ó yí wọn sẹ́yìn. Ó ní, "A jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ mi?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Rárá?" Mo ní rárá. Ó wá ní, "Iwájú ẹgbẹ́ lo ti sọ mí di wèrè, iwájú ẹgbẹ́ ni kó o ti tú u. Kó o sì fẹnu ara rẹ sọ fún ọmọ mi. Mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Mo ti sọ ọ́. Billa ti bọ́ dígí ojú rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Sigga ń sunkún. Rannva, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá lè ṣe é kí wọ́n tó gbé mi lọ, màá dúpẹ́. Bí o ò bá sì lè ṣe é, ó tọ́ sí mi. Ìyá rẹ ni kí o pè. Kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, tí ẹ ní ọ̀rẹ́ tí ẹ ò fẹ́ kó lọ, sọ ọ́ fún un lójú pé ẹ ò fẹ́ kó lọ. Bó bá lọ, á kọ̀wé. Èyí tí mo dá dúró yìí, ó ti lọ jìnnà ju Aarhus lọ.

Dúró, Sigga, má tíì pa á. Kí n sọ ohun tí mò ń rí fún un. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni ìyá rẹ ti fa súwẹ́tà kékeré yẹn yọ látinú báàgì rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀. Ó ti tú u láti ọrùn dé àyà, òwú náà ká kòrókòró lórí itan rẹ̀. Ó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Billa. Ó ń hun ún, kò sì wo ọwọ́ rẹ̀, ìta fèrèsé ló ń wò. Ẹsẹ̀ ẹyẹ àkọ́kọ́ ti jáde, ìka rẹ̀ ń wo òkè. Ó ń pè mí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun mọ̀ pé èyí ò lè gba àwọn ìbejì mọ́. Ó ní kí n bi ọ́, báwo ni apá wọn ṣe gùn tó báyìí?